Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le

Bí ẹ bá bi àwọn aládùúgbò mi ní Mowe léèrè pé irú iṣẹ́ wo ni Bàbá Ṣàkírù ṣe kí ó tó fẹ̀yìn tì, ẹnì kan á ní dókítà ni mí, òmíràn á ní mo máa ń ra ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ láàbù ni mí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi, ìdí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni mo jókòó sí, tí mo ń wo ohun tí kòkòrò ń fi í ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹ wá ṣe tèmi, mi ò sì ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí ná.

Ifọ̀ ni wọ́n bí mi sí, nítòsí ojú irin. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọ ìgò ní láàbù kan ní Èkó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń gbé mi padà wálé. Ẹ jẹ́ ká fi í mọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ni obìnrin kúkúrú kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Dókítà. Kì í na èèyàn, kì í sì í pariwo. Ohùn rẹ̀ kì í kọjá ojú tábìlì tó bá wà níwájú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n máa ń bá ẹ̀yìn kùlé sá bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Ìgò tí mo bá fọ̀, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á dá a padà fún mi.

“Ọṣẹ wà lára ẹ̀.”

“Mo ti ṣàn án dáadáa, mà.”

“Sẹ́ẹ̀lì tó máa sùn sínú ẹ̀ ò gbọ́ ‘mo ti ṣàn án.’ Lọ tún un ṣàn.”

Báyìí la ṣe ń bá a lọ. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ó ní kí n fi ìgò sílẹ̀, kí n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn omi. Ẹnu la fi ń ṣe é nígbà yẹn. Ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, ẹ ó ki orí rẹ̀ kan bọ ẹnu, ẹ ó fa omi náà títí yóò fi dé ojú ìlà, ẹ ó fi ìka dí i. Bí ẹ bá fà á jù, omi náà bá yín dénú ẹnu nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé omi lásán ló fi kọ́ mi, mo sì fa omi lásán títí ó fi sú mi. Bí mo bá wọ̀n ọ́n tí kò pé, kò ní bá mi wí. Ṣe ni yóò da gbogbo rẹ̀ nù lójú mi, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A kì í sì í sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, itọ́ rẹ̀ ló ń rọ̀ sínú iṣẹ́ òun.

Mo bínú sí i nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé obìnrin yìí fẹ́ fi omi pa mí. Àmọ́ ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pá oníke tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ dé, tí kò sẹ́ni tó tún ń fi ẹnu fa nǹkan mọ́, ọwọ́ mi ti dúró. Àwọn tó bá irinṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rò pé irinṣẹ́ náà ló ń wọn nǹkan, wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ ni.

Lẹ́yìn tí ọdún 2000 kọjá, Màmá kúrò ní Èkó. Ó dá láàbù kékeré kan sílẹ̀ ní Ibafo, lẹ́yìn ọsibítù kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀, mo sì tẹ̀lé e. Mo ti kọ́ yàrá méjì sí Mowe nígbà náà, ó sì wù mí kí n máa sùn nílé ara mi. Iná ìjọba ibẹ̀ máa ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ni olórí òṣìṣẹ́ wa. Bó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo wa á sáré, torí ẹ̀rọ tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì móoru ò gbọdọ̀ tutù. Kòkòrò HIV, èyí tó ń fa àrùn éèdì, ni Màmá fẹ́ wádìí. Ní àkókò yẹn oògùn rẹ̀ ò tíì kárí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń kú sínú ìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń wá níbẹ̀, torí láìsí i ẹ ò ní lóye ìyókù. Bí ọ̀tá bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara wa, sẹ́ẹ̀lì náà kì í dákẹ́. Á tú àwọn purotéènì kéékèèké jáde láti fi ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Òjíṣẹ́ là ń pè wọ́n ní láàbù wa. Kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Àwọn kan ń wí pé, “Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pa iná ààrò.” Àwọn mìíràn ń wí pé, “Ẹ dìde, ogun dé.” Kòkòrò HIV ò ní ilé ìdáná tirẹ̀. Inú ilé ìdáná sẹ́ẹ̀lì tó bá wọ̀ ló ti ń jẹ tó sì ń bí sí i. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ń sùn tí iná ò sí lórí ààrò, HIV á jókòó síbẹ̀ láìrí nǹkan kan ṣe. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbọ́ “Ẹ dìde,” tó dáná, HIV náà á sún mọ́dìí ààrò. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí Màmá kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, pé ìpè ogun tí ara fi ń gba ara rẹ̀ là ni ọ̀tá yìí tún fi ń yó.

Iṣẹ́ wa ni láti mọ bí òjíṣẹ́ tó ń ti ilẹ̀kùn ṣe lágbára tó. A óò gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, a óò yọ sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀, a óò pín in sínú àwọn ihò kéékèèké ojú àwo oníke kan. A óò fi òjíṣẹ́ yìí sínú àwọn ihò kan, a ò ní fi sínú àwọn yòókù, lẹ́yìn náà a óò fi HIV sí gbogbo wọn. Bí ọjọ́ bá pé, a óò fi oògùn kan yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó máa ń di àwọ̀ ìyeyè níbi tí HIV bá ti pọ̀. Ihò tí òjíṣẹ́ wà máa ń mọ́ bí omi kànga. Ìyókù á pọ́n bí òróró. Ìgbàkígbà tí mo bá rí i bẹ́ẹ̀, inú mi á dùn bí ẹni tó lé olè lọ.

Ẹni tí a sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Bùròdá Sámúẹ́lì, fọganáísà kan ní Asese, tó ń lẹ táyà fún àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tó kọ́kọ́ wá, kò sí HIV, kò sí nǹkan kan. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń tòrò, a sì ti wá sọ ọ́ di òṣùwọ̀n wa. Onígbàgbọ́ gidi ni. Ó ní Jésù ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni sírínjì kan fún Màmá Dókítà? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá kọ́ mi láti máa bi í kí n tó fa ẹ̀jẹ̀: “Ṣé ara yín le?” Bó bá le, kí n fà á. Bí kò bá le, kí n jẹ́ kó máa lọ. Ìbéèrè yìí, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe wí, ni géètì ilé wa.

Lọ́dún kan, òjò bẹ̀rẹ̀, ìdààmú sì dé. Mo gbé àwo jáde, mo yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ihò ló pọ́n. Ibi tí òjíṣẹ́ wà àti ibi tí kò sí, ìyeyè ni gbogbo wọn. Màmá wò ó pẹ́.

“Ṣàkírù, kí lo fi síbẹ̀?”

“Ohun tí a máa ń fi síbẹ̀ náà ni, mà.”

“Tún un ṣe.”

Mo pe Bùròdá Sámúẹ́lì, ó wá, mo bi í ní ìbéèrè náà, ó ní ara le, mo fa ẹ̀jẹ̀. Àwo kejì pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá ò lè ṣe é fúnra rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nítorí ọjọ́ orí. Ọwọ́ mi nìkan ló kù, ọwọ́ mi náà ló sì ń fura sí. Ó pè mí sí yàrá rẹ̀.

“Àwọn onígbọ̀wọ́ tó ń fún wa lówó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó,” ó wí. “Wọ́n máa bi mí ní ohun tó ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí mi ò bá rí nǹkan míì sọ, màá ní ọwọ́ òṣìṣẹ́ mi ló da òjíṣẹ́ pọ̀ mọ́ra. O mọ ohun tí ìyẹn máa jẹ́ fún ẹ.”

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, kò sí láàbù tó tún máa gbà á. Ó ní kí n fi ìdí àwo sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yé òun, kí n padà sídìí ìgò. Èmi tí mo ti ní ọmọ ní ilé ìwé gíga, ni mo tún tẹ̀ mọ́ bàsíà tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìgò. Ìtìjú pa mí. Bí ìyàwó mi bá bi mí pé ṣé dáadáa ni, màá ní a dúpẹ́. Bí àwọn ará mọ́ṣáláṣí bá kí mi, màá ní Alihamudulilahi.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá tún rí ẹ̀jẹ̀ Bùròdá Sámúẹ́lì gbà, tí ẹnì kan láti láàbù mìíràn sì bá mi ṣe é, yóò hàn bóyá ọwọ́ mi ni tàbí kì í ṣe ọwọ́ mi. Mo retí i lọ́jọ́ tó yẹ kó wá, kò wá. Mo wọkọ̀ lọ sí Asese. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì, mo bá yà sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ọkùnrin yìí jókòó síta, ó wọ súwẹ́tà, ó tún fi aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀.

“Bùròdá Sámúẹ́lì, ẹ kúulé o. Ṣé ara le?”

“Ara le kóko, Alájì! Ògo ni fún Ọlọ́run.”

Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ro ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bá gbójú sókè.

“Ara wo ló le? Láti ìgbà tí òjò ti dé ló ti ń bá a fà á. Bó bá mú un lónìí, á fi í sílẹ̀ lọ́la, á tún padà. Ọjọ́ tó wá sọ́dọ̀ yín gbẹ̀yìn yẹn, èmi ni mo dì í mú dé títì tó fi rí ọkọ̀ wọ̀.”

“Ìyá Dèbórà, má fẹnu ẹ pè é o! Mi ò kléèmù ẹ̀. Mo ríjẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lórúkọ Jésù!”

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ èmi béèrè, mo sì ṣìnà. Ta ni nínú wa tí wọ́n á bi pé ṣé ara le, tí á ní kò le? Ìkíni la kà á sí. Musulumi á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ ìjọ á fi ògo fún Un, àìsàn á sì wà níbi tó wà. Ìkíni la fi ṣe géètì láàbù, ẹni tí ibà ń gbọ̀n jìgìjìgì sì ń gba ibẹ̀ wọlé.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó kọ̀.

“Tí mo bá gbà kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, mo ti gbà pé ó wà nìyẹn. Ẹ má bínú, Alájì. Ìgbàgbọ́ mi ni.”

Mo padà sí Ibafo, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Mo rò pé yóò ní mo ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù. Ṣe ló mú báàgì rẹ̀, ó mú sírínjì, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Mi ò rí i kó lọ sílé ẹni tó ń fún wa lẹ́jẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Bùròdá Sámúẹ́lì rí i, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Màmá ní kó jókòó. Ó fa àpótí kan, òun náà jókòó. Kò bi í pé ṣé ara le.

“Sámúẹ́lì, táyà wo lo lẹ̀ gbẹ̀yìn?”

“Háà, mà, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù láti bí ọjọ́ mélòó kan.”

“Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?”

“Ẹ̀kọ, mà. Kò kàn dúró níkùn ni.”

“Ta ló pọn omi tó o fi wẹ̀?”

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Òun ló pọn ọ́n, mà. Òun náà ló wẹ̀ mí.”

Màmá rọra mi orí. “Mi ò ní kí o sọ pé ó rẹ̀ ẹ́. Èmi náà ò ní sọ ọ́. Na ọwọ́ ẹ, kí ẹ̀jẹ̀ sọ tẹnu ara ẹ̀.”

Bùròdá Sámúẹ́lì ká apá súwẹ́tà sókè, ó na ọwọ́, mo sì fa ẹ̀jẹ̀.

Ibà ló kún inú ẹ̀jẹ̀ náà. Màmá fúnra rẹ̀ ló wò ó lábẹ́ awò-asọhun-kékeré-di-ńlá, ó ní kí èmi náà wá wò. A fún Bùròdá Sámúẹ́lì ní oògùn, ó lò ó, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun ò ṣàìsàn rárá. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó ti padà sídìí táyà, a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Màmá dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Nígbà tí ọjọ́ pé, ibi tí òjíṣẹ́ wà mọ́ bí omi kànga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé wa. Ibà tó wà lára ọkùnrin yìí ti mú kí ara rẹ̀ ké “Ẹ dìde” kí àwa tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ààrò ti ń jó. Nígbà tí òjíṣẹ́ tiwa fi máa ní kí wọ́n pa iná, HIV ti rí oúnjẹ jẹ yó. Màmá ní ẹ̀kọ́ ńlá lèyí, pé níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa, ẹni tí HIV wà lára rẹ̀ ò gbọdọ̀ fi ibà ṣeré.

Àwọn onígbọ̀wọ́ dé. Wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè bóyá òṣìṣẹ́ láàbù ló gbàgbé láti bi ọkùnrin náà nípa àìlera. Mo wà níbẹ̀, mo di ìgò mú.

“Kò gbàgbé,” Màmá dáhùn. “Ó béèrè. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìbéèrè tí kò dára. Ọmọ Yorùbá ni mí, ó yẹ kí n mọ̀ pé a kì í fi ìkíni wá àìsàn.”

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí. Mo ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo rí i tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka sẹ́ẹ̀lì tí ojú wa ń kà tẹ́lẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ń wo àwọ̀ ìyeyè dípò wa, tó sì ń sọ bó ṣe ki tó. Àwọn irinṣẹ́ náà dára, mi ò bá wọn jà. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé ẹ ó pẹ́ nídìí omi lásán kí wọ́n tó gbé ẹ̀jẹ̀ fún yín, pé ẹ lè ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ kó sì bàjẹ́, àti pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó mọ bí wọ́n ṣe ń bi ọmọlúàbí léèrè ohun tó ń ṣe é.

Nǹkan kan ṣẹ́kù nípa ọjọ́ tí àwọn onígbọ̀wọ́ wá. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, mo padà sídìí bàsíà, torí kò tíì sẹ́ni tó ní kí n kúrò níbẹ̀. Màmá wọlé, ó dúró lẹ́yìn mi.

“Ṣàkírù.”

“Mà.”

“Láti ìgbà tí mo ti ní kí o padà sídìí ìgò, ṣé o ń sùn?”

Ẹnu mi ti ṣí láti sọ pé a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò jáde.

“Rárá, mà,” mo wí. “Mi ò sùn. Oúnjẹ ò sì lọ lọ́fun mi.”

Ẹkún gbọ̀n mí, èmi àgbàlagbà, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Màmá ò bẹ̀ mí, mi ò sì gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó.

“Máa sọ ọ́,” ó ní. “Mò ń gbọ́.”